Bí Ilé-Ìgbọ̀nsẹ̀ Bá Dí, Kí Ni Kí A Fi Là Á?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rí àkọlé yìí, wọn yóò sì yínmú. Wọn yóò ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ tí ó kù tí Tíṣà fẹ́ bá wa sọ nìyí?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọba ń lọ, ìjòyè ń lọ, mẹ̀kúnnù náà ń lọ. Ibi tí gbogbo wa ń lọ lójoojúmọ́ kò yẹ kí ó jẹ́ ibi tí a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, àwa mẹ́rìndínlógún ni a ń lo ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Ó tó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí a dí ṣáláńgá àtijọ́ pa, tí a ṣe olómi, tí a sì gbẹ́ sọkawéè sí ẹ̀yìnkùlé. Garawa ni a fi ń da omi sí i. Ní ọjọ́ tí a parí rẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ń wo òkè Mápó lọ́ọ̀ọ́kán, inú mi sì dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929.

Ní oṣù tí ó kọjá, ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ yìí dí. A da omi sí i, omi dúró. A tún da omiíràn, ó ru dé etí àwo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹjọ́ ti délẹ̀. Ìyá Ìkókó, ìyàwó àbúrò mi, ni gbogbo ilé nàka sí. Wọ́n ní ìlédìí ọmọ rẹ̀ ni ó jù sí i. Ó búra, ó sunkún, wọn kò gbà á gbọ́. Èmi náà kò gbè é. Mo dákẹ́, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ni èmi ń rò nínú.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi gbé áásìdì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe ní Bẹẹrẹ. Mo ní kí ó gbé e padà. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí áásìdì bátìrì bá pàdé omi, yóò gbóná lójijì, yóò sì ta sí ojú ẹni tí ń dà á. Bí ẹnìkan bá ti da blíìṣì ìfọṣọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èéfín olóró ni yóò jáde, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá kótópó. Sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò náà ń jó ara. Ó lè tú ọ̀rá, ṣùgbọ́n kò lè tú àkísà, páàdì tàbí igi. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín wà nínú kòtò tí wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí run fún wa, oró wọ̀nyí a sì máa pa wọ́n. Ẹni tí ó bá fi iná pa eku ilé rẹ̀, níbo ni yóò sùn?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a mọ ibi tí ó ti dí kí a tó mú irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé ìwẹ̀ wa àti ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, sọkawéè kan náà ni wọ́n ń ṣàn sí. Mo da garawa omi kan sí ilé ìwẹ̀, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí fi hàn pé kòtò kò kún. Ìdènà náà wà nítòsí àwo. Bí omi ilé ìwẹ̀ bá ti ń lọ́ra, tàbí tí a da omi sí àwo tí ó ń ru jáde ní ilé ìwẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kòtò ti kún. Nígbà náà, kò sí irinṣẹ́ inú ilé tí ó lè gbà wá, àfi ọkọ̀ tí ń fa ìdọ̀tí. Bí ọ̀nà agboolé bá há, kí a wá ọkọ̀ tí rọ́bà ìfà rẹ̀ gùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò náà láé! Èéfín inú rẹ̀ a máa pa ẹni tí ó wọ̀ ọ́, a sì máa pa ẹni tí ó bẹ́ sínú rẹ̀ láti gbà á là. Kí a má sì dà á sí gọ́tà. Láti gọ́tà ni yóò ti dé inú kànga, onígbáméjì yóò sì tẹ̀lé e wọlé.

Ó tún yẹ kí a mọ bí àwo yìí ti rí. Páìpù abẹ́ rẹ̀ kò lọ tààrà. Ó wọ́ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, omi díẹ̀ a sì máa dúró nínú ọrùn yìí nígbà gbogbo kí òórùn kòtò má bàa padà wọlé. Alexander Cumming, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì tí ń ṣe aago ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú ọrùn bẹ́ẹ̀ fún ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ní 1775. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń dá òórùn dúró, ibẹ̀ náà ni nǹkan líle ti ń há.

Irinṣẹ́ kìíní ni omi àti ọṣẹ. Mo gbọ́n omi kíkún inú àwo kúrò díẹ̀, mo da omi ọṣẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Kì í ṣe omi tí ń hó o, ìyẹn lè la tangaran. Mo dúró fún ààbọ̀ wákàtí, mo wá da garawa omi kan lé e láti òkè ìbàdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ tàbí pépà ni, ìyẹn nìkan lè tó. Tiwa kò lọ.

Irinṣẹ́ kejì ni rọ́bà onígi, èyí tí ó dà bí ìdajì bọ́ọ̀lù lẹ́nu igi. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ní ẹnu gígùn nísàlẹ̀ ni ó dára fún àwo. Pẹrẹsẹ wà fún ibi ìfọwọ́. Omi gbọ́dọ̀ bo rọ́bà náà, kí ó sì dí ojú ihò pinpin. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ máa tì í, kí ẹ sì máa fà á, nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tì, wọn kì í fà, bẹ́ẹ̀ ni fífà náà ṣe pàtàkì. Bí a bá sì ti da oró kankan sínú àwo, kí a má fi rọ́bà kàn án, kí ó má bàa ta sí wa lójú. Mo tì, mo fà, òógùn bò mí. Omi kò mì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo rí i pé ẹ̀kọ tí mo gbé fún Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, wà nílẹ̀ láìṣí. Ti àná náà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní, "Ìyá, ṣé ara yín kò le ni?"

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá jẹun, níbo ni mo fẹ́ gbé e lọ?"

Ilé kejì tí a ti ń tọrọ ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ní àtẹ̀gùn, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Ìyá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ìtìjú. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo lọ yá irinṣẹ́ kẹta lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ṣe iṣẹ́ páìpù lẹ́bàá Ọjà'ba: wáyà lílọ́ tí ó ní ìkọ́ lẹ́nu àti ọwọ́ tí a fi ń yí i. A fi rọ́bà bo ibi tí ó ń kan àwo kí ó má bàa họ tangaran. Mo kì í bọ inú ọrùn páìpù, mo ń yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ó fi kọ́ nǹkan. Mo rọra fà á. Kùùkù àgbàdo ni! Mo tún kì í bọ̀ ọ́, òmíràn jáde, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Rọ́bà tí mo ń tì láti àná, ńṣe ni ó ń gbá wọn wọlé.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá Àgbà ti ọ̀pá rẹ̀ bọ̀, ó wò wọ́n, ó ní, "Èmi ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ó ṣe tí kò tọ́? Kùùkù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi nu ìdí láti ìgbà èwe wọn, ṣáláńgá kò sì ní ọrùn. A dí ṣáláńgá rẹ̀ pa, a gbé àwo funfun síwájú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó jókòó tì í láti sọ bí nǹkan tuntun náà ti ń ṣe. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, n kò kọ́ ìyá mi.

Mo pe Ìyá Ìkókó síwájú gbogbo ilé, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá Tíṣà, ó ti tán," ṣùgbọ́n omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Mo ra búta tuntun fún Ìyá Àgbà, mo gbé agbọ̀n olómọrí kan síbẹ̀ fún gbogbo ohun tí omi kò lè tú: kùùkù, àkísà, páàdì àti ìlédìí. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn, kí àwọn ẹgbẹ́ òun náà lè gbọ́. Ó jẹ ẹ̀kọ méjì ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, bí tiyín bá dí lọ́la, ẹ da omi ọṣẹ sí i, ẹ fi rọ́bà fà á, ẹ fi wáyà kọ́ ọ, kí ẹ sì jìnnà sí áásìdì. Ṣùgbọ́n kí ó tó dí, ẹ fi ẹnu yín kọ́ àgbà àti ọmọdé ilé yín. Ẹ má sì nàka sí ẹnikẹ́ni kí ohun tí ó wà nínú ọrùn páìpù tó jáde.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.