Ẹ Má Fi Oògùn Sílẹ̀ Láìsọ Fún Wa

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Àwa nọ́ọ̀sì a máa sọ pé olóríkunkun ni aláìsàn tí kò lo oògùn rẹ̀ bó ti yẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń pín oògùn fún ènìyàn, bí mo bá sì fi sùúrù béèrè, mo sábà máa ń rí i pé ó nídìí.

Awakọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kò jẹ́ gbé oògùn tí ń mú ni tọ̀ mì láàárọ̀. Níbo ni yóò dúró tọ̀ sí nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dé? Ìyá tí ń tajà ní ìsọ̀ náà ń béèrè ẹni tí yóò bá òun ṣọ́ ọjà. Ẹlòmíràn lo amlodipine, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀rù bà á. Ẹnìkan lo lisinopril, ikọ́ gbígbẹ kò jẹ́ kí ó sùn. Àwọn ọkùnrin kan sì wà tí oògùn ń dí lọ́wọ́ lọ́dọ̀ ìyàwó. Ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́ fún obìnrin bí tèmi, àfi bí ìyàwó bá wá sọ ọ́! Ti owó ńkọ́? Mo mọ àwọn tí ń lo ọ̀kan ní ọjọ́ méjì-méjì kí páálí kan lè dé ìparí oṣù.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ara dá wọn. Oògùn ibà, ọjọ́ mẹ́ta, ó parí. Wọ́n rò pé ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ni, títí di ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan yóò rọ. Bí a bá wọ̀n ọ́n tí ó wálẹ̀, oògùn ni ó mú un wálẹ̀.

Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, kú ní oṣù kẹrin ọdún 1945 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tipẹ́, àwọn dókítà rẹ̀ kò sì ní oògùn gidi tí wọn ìbá fún un. Ọdún 1958 ni àkọ́kọ́ nínú irú oògùn tí awakọ̀ wa ń sá fún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà.

Nítorí náà, ẹ sọ fún wa. Dókítà lè yí wákàtí oògùn padà, ó lè fi òmíràn rọ́pò èyí tí ń wú ẹsẹ̀ tàbí èyí tí ń fa ikọ́, ó sì lè wá èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́ kí ẹ tó bá wọn wí. Bí ẹ bá sì tún ń bọ̀ wá gba oògùn, ẹ kó gbogbo èyí tí ó ṣẹ́ kù nílé wá, kí á jọ kà á.