Èdè Gẹ̀ẹ́sì Kò Kọ́ni ní Àfojúdi

Ìwọ ọmọ ilé-ìwé, bí o bá ti bá ìyá rẹ dé ọjà Mile 12 rí, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ata àti tòmátì òkè Ọya sílẹ̀, bóyá ìwọ náà ti rí irú ohun tí mo rí. Ọmọkùnrin kan nínú aṣọ ilé-ìwé dúró níwájú ìyá àgbà aláta, kò kí i, ó nàka sí apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé, ó ní, "You, how much is this?" Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá a wí, ó fèsì pé kò sí ìdọ̀bálẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan tilẹ̀ yìn ín pé ó gbọ́ Òyìnbó!

Irọ́ ni ọmọ náà pa, ìyìn wọn sì burú ju irọ́ náà lọ. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì gẹ́gẹ́ bí a ti ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin". "Thou" ni wọ́n fi ń pe ẹnìkan tí kò tó wọn; "you" ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ti ẹni ọ̀wọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1650, nígbà tí George Fox àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń pe ọlọ́lá àti adájọ́ ní "thou", inú bí àwọn ènìyàn náà gidigidi. Nígbà tí ó yá, "thou" parẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ǹjẹ́ o rí i? "Ìwọ" ni Òyìnbó sọ nù, kì í ṣe "ẹ̀yin".

Ṣùgbọ́n ohun tí a ń fún tọmọdé tàgbà kì í ṣe àpọ́nlé mọ́. Ọ̀wọ̀ wọn ṣí lọ sí ibòmíràn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sì í fi hàn wá. Bí o bá wí fún ìyá aláta pé, "Ẹ fún mi ní ata," ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú yẹn ti bọ̀wọ̀ fún un tán. Túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ: "Give me pepper." Ọ̀wọ̀ ti já bọ́ lójú ọ̀nà, àṣẹ ni ó kù. Òyìnbó a máa sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ di ìbéèrè: "Could you give me some pepper, please?" Kì í ṣe agbára ìyá náà ni ó ń béèrè, àyè ni ó fún un láti kọ̀ bí ó bá fẹ́.

"Pẹ̀lẹ́" náà ń kọ́? Bí àlejò bá kọsẹ̀ ní Kétu, gbogbo wa ni a ó kí i. Sọ "sorry" fún ará Lọ́ńdọ́nù tí ó kọsẹ̀, ó lè máa ronú ohun tí o fi ṣe òun.

Àwọn ilé-ìwé kan ti na ọmọ, wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó sọ Yorùbá. Ní ọdún 2018 ni Gómìnà Akínwùnmí Ámbọ̀dé fọwọ́ sí òfin pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní àwọn ilé-ìwé Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Ọmọ tí ó mọ ibi tí ọ̀wọ̀ wà nínú èdè ìyá rẹ̀ ni yóò wá a kiri nínú èdè àjèjì. Ẹni tí a gba ti ilé lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rò pé kò sí níbìkan.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìyá aláta náà. Ó wo ọmọ náà títí, ó ní, "Good afternoon, my dear," kí ó tó dárúkọ owó ata.