Ẹ má gbé iná eédú sùn nígbà ọyẹ́

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbé àdògán eédú wọ yàrá nígbà ọyẹ́, tí wọ́n á sì tilẹ̀kùn sùn. Ohun méjì ló ń jáde lára eédú tó pọ́n. Èkíní ni ooru tó ń bani lára tààrà bíi ti oòrùn. Èkejì ni afẹ́fẹ́ olóró tí kò ṣeé rí, tí kò ní òórùn. Ojú oorun ló ti ń pani.

Ẹ̀rọ iná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní infrared ń fúnni ní ti àkọ́kọ́ láìsí ti ìkejì. Lóòótọ́, ó ń jẹ iná: oní-1000 wáàtì ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan. Ẹni tí kò bá ní in, kó wọ súẹ́tà, kó fi aṣọ òfì bora. Ẹni tó bá jí ló ń sọ pé ọyẹ́ mú.