Èdè wo ni kí ọmọ wa kọ́kọ́ fi bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀?

 

Ní ìpàdé àwọn òbí kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, olórí ilé-ìwé sọ fún wa pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ lísè bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. A pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí èdè tí wọn yóò fi kọ́ wọn. Ọ̀kan ní C ni, èkejì ní JavaScript ni. Àwa òbí dákẹ́. Ìyá kan tí ó jókòó tì mí rọra bi mí léèrè pé: «Ṣé Faransé tí wọ́n ń kọ́ kò tó wọn ni?»

Ìbéèrè ìyá yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Òun ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí pé owó wa àti ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Kọ̀ǹpútà kì í ronú. Ohun tí ènìyàn bá kọ sílẹ̀ fún un ni ó ń ṣe, bí ó ti wà gẹ́lẹ́. Àkójọ àṣẹ tí a kọ fún un ni à ń pè ní ètò. Èdè tí a fi ń kọ ètò kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Faransé. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ àti àmì ni, tí àwọn ènìyàn ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan. Irú èdè bẹ́ẹ̀ pọ̀. Amẹ́ríkà ni C àti JavaScript ti wá. Python jáde ní 1991. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òjòlá bí irú èyí tó wà ní Ouidah ni wọ́n fi sọ ọ́: orúkọ ẹgbẹ́ aláwàdà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Èrò tèmi ni pé Python ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ fi èdè ìyá rẹ̀ to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà sórí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ọrọọrún ni à ń ná ọ̀pọ̀ ọjà wa. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ wo ni a óò tún ná an? Ọjọ́ karùn-ún ni, lẹ́yìn náà ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn náà ọjọ́ kẹtàlá. Bí ọmọ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà to gbogbo ọjọ́ ọjà inú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, ohun tí yóò kọ ní Python nìyí:

ọjà = 1
while ọjà <= 30:
    print(ọjà)
    ọjà = ọjà + 4

Ìlà mẹ́rin péré. Ìlà kìíní ní kí ọjà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ìkejì ní: níwọ̀n ìgbà tí ọjà kò bá tíì kọjá ọjọ́ 30, máa ṣe ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìkẹta ní kí ẹ̀rọ kọ ọjọ́ náà síta. Ìkẹrin ní kí ó fi 4 kún un. Kọ̀ǹpútà yóò kọ 1, 5, 9, 13, títí dé 29.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀kọ́ wà. Ọrún ni à ń pè é, síbẹ̀ 4 ni a fi kún un. Kí ló fà á? Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn; ẹ̀rọ kì í kà á. Ọmọ tí ó bá kọ 5 yóò dé ọjà ní ọjọ́ kẹfà, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí àṣìṣe yìí fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iṣẹ́ náà, ohun tí ó sì ti mọ̀ láti ilé ni ó jẹ́ kí ó rí i.

Ẹ tún wò ó pé «ọjà» tí a kọ yẹn, Yorùbá ni, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Python òde òní gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi «while» tí Python yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ kò tó 40.

Olùkọ́ tí ó fẹ́ C ní àwíjàre. C sún mọ́ inú ẹ̀rọ, ó sì ń kọ́ ènìyàn ní ìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó lè fi C kọ «Ẹ káàbọ̀» síta, yóò kọ ìlà mélòó kan tí olùkọ́ yóò sọ pé: «Ìwọ ṣáà kọ ọ́, yóò yé ọ lọ́la.» Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gba ọ̀nà yẹn. Àmì kékeré kan tí ó bá gbàgbé ní ìparí ìlà a máa dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ní orí òun kò gbé e. Orí rẹ̀ gbé e. Ilẹ̀kùn tí wọ́n mú un gbà ni ó há.

JavaScript náà wúlò púpọ̀ fún iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣèèṣì kọ 5 bí ọ̀rọ̀ dípò iye, tí ó sì fi 4 kún un, JavaScript yóò dá 54 padà láìjanpata. Python yóò dúró, yóò sì sọ pé àṣìṣe wà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nílò ẹni tí yóò tètè sọ òótọ́ fún un.

Python kò gba owó lọ́wọ́ ẹni. Bí a bá ti fi í sórí ẹ̀rọ, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2019 ni wọ́n sì ti ń lò ó nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tuntun ní lísè ilẹ̀ Faransé, nítorí náà ìwé rẹ̀ ní èdè Faransé kò wọ́n. Síbẹ̀, bí olùkọ́ wa kò bá mọ̀ ju C lọ, ó sàn kí ó fi C tí ó mọ̀ dájú kọ́ wọn ju kí ó máa fọ́nnu pẹ̀lú Python tí kò mọ̀. Kí a kọ́ olùkọ́ kí a tó ra ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà mọ ohun tí mo ń wí. Nígbà tí wọ́n fi èdè tí ẹ kò gbọ́ kọ́ yín, ẹ rò pé ìwé kì í ṣe tiyín. Nígbà tí a fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Ẹni tí ó ti mọ̀wé kà ní èdè kan lè wá kọ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ó ti mọ bí a ṣe ń to ìgbésẹ̀ lè wá kọ́ C àti JavaScript lọ́la.

Nítorí náà, ẹ má dákẹ́ mọ́ ní ìpàdé. Ẹ béèrè pé: ta ni yóò kọ́ wọn? Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀? Ọmọ mélòó ni yóò jókòó ti ẹ̀rọ kan? Ṣé àwọn ọmọbìnrin náà ń fọwọ́ kàn án, àbí wọ́n kàn ń wòran?

Èsì tí mo fún ìyá yẹn nìyí: «Ìyá, nígbà tí ọmọ yín bá dé ilé, ẹ ní kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ètò rẹ̀ ń ṣe. Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, kò tíì yé e.» Ìdánwò tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe nìyẹn, ẹ kò sì nílò kọ̀ǹpútà kankan láti ṣe é.