Àárẹ̀ Tí Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Kò Lè Wò

Bí abẹ́ ìpéǹpéjú ẹnì kan bá funfun, tí ó sì ń mí gúlegúle nítorí pé ó gun àtẹ̀gùn ilé, ìdájọ́ tí ẹbí máa ń dá ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Kò ní pẹ́ tí ìyá yóò fi po mọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ mílíìkì, tí àǹtí yóò fún omi ẹ̀fọ́ úgú, tí ẹ̀gbọ́n yóò sì lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onígò. Ìfẹ́ ni ó ń sún gbogbo wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn náà bá jẹ́ ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní leukemia, ó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń dín kù.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa tí ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara ti ń wá, àti sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bá àrùn jà, àti platelet tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́. Leukemia a máa gba ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, bí èpò ṣe ń gba oko. Nígbà tí oògùn kímò bá dé, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ó ń yára pọ̀ sí i ni ó ń kọlù, àwọn tí ń bí ẹ̀jẹ̀ sì wà lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì pupa a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó kú. Bí àwọn àtijọ́ bá ń kú, tí tuntun kò sì tètè rọ́pò wọn, àárẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i bí ìtọ́jú ṣe ń lọ. Oògùn oníhóró pàápàá lè fà á. Imatinib, tí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn tí ó ní irú leukemia tí a ń pè ní CML láti ọdún 2003, wà lára àwọn oògùn tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dín kù.

Nítorí náà, ẹ má ṣe pe aláìsàn yín ní ọ̀lẹ. Oorun òru kan kò lè mú irú àárẹ̀ yìí kúrò. Ẹ bi í léèrè ìgbà tí ara rẹ̀ máa ń yá jù lójúmọ́, kí ó fi àkókò náà ṣe ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún. Kí ó jókòó wẹ̀, kí ó rọra dìde lórí ibùsùn kí òòyì má baà kọ́ ọ. Bí dókítà bá gbà, ìrìn díẹ̀díẹ̀ dára fún un. Omi pípọn, ọjà lílọ àti sísin ọmọ lọ sí ilé ìwé, kí ẹlòmíràn gbà á ṣe.

Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀ onígò, èròjà irin ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó wúlò fún ẹni tí irin kò tó lára rẹ̀, bí aboyún tàbí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ jù. Àìtó irin kọ́ ni ó sábà máa ń ṣe ẹni tí kímò ti dá mùdùnmúdùn rẹ̀ dúró. Bí ó bá sì ti ń gba ẹ̀jẹ̀, báàgì kọ̀ọ̀kan ń kó irin tí ó tó 200 sí 250 miligíráàmù wọ inú rẹ̀. Ara kò ní ọ̀nà tí yóò fi lé àpọ̀jù irin jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́. Folic acid tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ lè dènà iṣẹ́ methotrexate, ọ̀kan nínú àwọn oògùn kímò. Àgbo náà lè ta ko oògùn, kí ó sì ni ẹ̀dọ̀ lára. Kí ó tó mu ohunkóhun nínú ìgò, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí a fọ̀ dáadáa tí a sì sè jinná ni kí ẹ fi bọ́ ọ, kí ó lè lágbára láti parí ìtọ́jú.

Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ PCV rẹ̀ sí lẹ́yìn àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Bí èémí rẹ̀ kò bá délẹ̀ nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, bí àyà bá ń dùn ún, bí ó bá dákú, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní imú tàbí èrìgì, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó sábà máa ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dìde ni ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Báàgì kan jẹ́ nǹkan bí 450 mìlílítà. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í pẹ́ ju 42 ọjọ́ lọ nínú fíríìjì ilé ìwòsàn, platelet kì í sì sábà ju ọjọ́ 5 lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí a fi sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò lè gba ẹnikẹ́ni là lónìí. Síbẹ̀, ọjọ́ tí dókítà bá kọ ìwé ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń sáré kiri. Bí ó bá tún jẹ́ pé wọ́n máa pààrọ̀ mùdùnmúdùn aláìsàn náà, àwọn dókítà lè má fẹ́ kí ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀rẹ́, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ará mọ́sáláṣí àti ẹlẹgbẹ́ ibi iṣẹ́ ni yóò ràn án lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní í ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ara yín le, ẹ yà sí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí yín lọ́sẹ̀ yìí. Wọn yóò yẹ̀ yín wò bóyá ẹ lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò sì sọ ìgbà tí ẹ lè padà wá. Bí ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ kan kí òun náà lọ. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.