Kòtò Kejì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kòtò Ẹja

 Ẹ̀yin àgbẹ̀ Pobè àti Sakété tí ẹ ti gbẹ́ kòtò ẹja sí àkùrọ̀ yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbẹ́ ẹ.

Ẹ mọ̀ pé omi ẹja máa ń dọ̀tí. Ẹja ń jẹ, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tó ṣẹ́kù sì ń rà ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá pẹ́, omi á máa rùn, ẹja á máa yọ ẹnu sókè láti wá afẹ́fẹ́. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń gbẹ́ kòtò kékeré kejì. Omi tó dọ̀tí á ṣàn lọ síbẹ̀, á sinmi, ìdọ̀tí á rọ̀ sílẹ̀, wọn á wá dá omi náà padà.

Àwọn kan ní kí a má fi ohun ẹlẹ́mìí kankan sínú kòtò kejì yìí. Wọ́n ní ẹran omi yóò tún un bà jẹ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa ní àfonífojì odò Wẹ̀mẹ̀. Láti ayé àwọn baba wọn ni wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò sínú ilẹ̀ tí omi máa ń bò. Whédo ni wọ́n ń pè é. Bí odò bá kún ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, ẹja á tàn ká inú pápá. Bí omi bá ń fà, ẹja á sá wọ inú kòtò náà, nítorí ibẹ̀ ni omi kù sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, olówó kòtò á wá kó wọn. Ní ọ̀sà Nókué, níbi tí omi òkun ti ń gba Kútọnu wọlé, ẹ̀ka igi ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ nínú omi tẹ́lẹ̀. Ewédò á hù sára igi, ẹja á máa jẹ ẹ́, á sì máa fara pamọ́ síbẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó ń sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì mọ ọgbọ́n yìí pẹ̀lú. Wọ́n ń gbé àpótí kékeré sábẹ́ èyí tó tóbi, wọ́n á kó ewéko òkun àti kòkòrò omi wẹ́wẹ́ tó dà bí edé sí i. Ewéko ń fa ìdọ̀tí inú omi. Kòkòrò wọ̀nyẹn ń bímọ láìsí ẹja tó máa jẹ wọ́n tán, àwọn kan nínú wọn sì ń bá omi gòkè lọ di oúnjẹ ẹja. Iná mànàmáná ni wọ́n ń tàn sórí ewéko yẹn, owó ńlá sì ni. Oòrùn tiwa, ọ̀fẹ́ ni. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ní ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhaï tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ìdin tí wọ́n sìn lórí ìdọ̀tí ni wọ́n ń fún ẹja jẹ.

Kí ni kí ẹ fi sí tiyín? Ẹ fi ojú oró sí i. Gbòǹgbò rẹ̀ tó dà bí irùngbọ̀n ń fa ìdọ̀tí, kòkòrò wẹ́wẹ́ sì ń gbé inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó bo ju ìdajì ojú omi lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ọmọ ẹja díẹ̀ sí i. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àrọ̀ ńlá máa ń jẹ àrọ̀ kékeré, àní ọmọ tirẹ̀ pàápàá. Nínú kòtò kejì, wọn á rí ibi dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ẹ má kó wọn sí ẹnu ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà wọlé o. Wọn yóò kú. Apá kejì, lẹ́yìn ojú oró, ni àyè wọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kòtò tí kò ní ẹja rárá. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tanwíjí inú rẹ̀ ti di ẹ̀fọn, ibà sì ti wọ ilé. Ọmọ yín ni yóò kọ́kọ́ mú. Ẹja kéékèèké á jẹ tanwíjí. Ẹ̀fọn kan tilẹ̀ wà tí tanwíjí rẹ̀ kì í jáde wá mí lójú omi. Gbòǹgbò ojú oró ni ó ń gún, ibẹ̀ ni ó ti ń rí afẹ́fẹ́. Nítorí náà ẹ máa fa ojú oró tó ti gbó tu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kó o sórí ààtàn tó jìnnà sómi. Ó dára fún ẹ̀fọ́.

Ìgbín omi wẹ́wẹ́ ni n kò fẹ́ níbẹ̀. Inú irú rẹ̀ kan ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà. Bí ẹni tó ní àìsàn yìí bá tọ̀ sínú omi, kòkòrò á wọ inú ìgbín, á pọ̀ sí i, á tún jáde, á sì gba awọ ara wọ inú ẹlòmíràn tó bá wọ omi náà. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ọmọ yín, ẹ má dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà. Kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ sínú kòtò, kí ọmọdé má wẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ sì wọ bàtà ọlọ́rọ̀bà gígùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oògùn òwú ni kí ẹ dà sí i láti pa tanwíjí àti ìgbín. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan, endosulfan, pa ènìyàn ní Borgou ní 1999. Ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti pa á tì. Kì í fi ẹja sílẹ̀ láàyè.

Ní ìhà Ìsàbà, amọ̀ dúdú ń gba omi dúró dáadáa. Ilẹ̀ pupa Sakété ń fa omi mu, ẹ máa nílò amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì. Bí ẹ kò bá sì tíì ní ẹja tí ẹ máa fi sínú kòtò kejì, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ dí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.