Ẹ̀sùn tí mo kà sí alágbàtà ilé lọ́rùn

Ẹ̀yin tí ẹ ó dá ẹjọ́ yìí, ẹni tí mo fà wá síwájú yín kò ní orúkọ kan pàtó, nítorí wọ́n pọ̀. Alágbàtà ilé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó wá àdúgbò tí ilé àtijọ́ ti ń lọ ní owó pọ́ọ́kú ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, kí ó rà á, kí ó rẹ́ ẹ, kí ó kùn ún, kí ó sì tà á láàárín oṣù mélòó kan fún ará Èkó tàbí fún ọmọ wa tó wà lókè òkun. N kò pe òwò náà lẹ́ṣẹ̀. Bó ṣe ń yan àdúgbò ni mo pè lẹ́jọ́. Kì í wá ibi tí ènìyàn lè gbé. Ibi tí olùrà kò ti ní mọ ohun tó yẹ kó béèrè ló ń wá.

Ẹ̀sùn kìíní: ó yan àdúgbò tí kò mọ̀. Láti 1978 tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti là kọjá lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn iye ilẹ̀ ní Rẹ́mọ, òun náà sì fi wọ̀n ọ́n. Ó ka ìṣẹ́jú láti oríta Ṣágámù dé Berger ní Èkó. Ó wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí pápákọ̀ òfurufú tó wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ó sì bu iye lé e. Kò wá lóṣù keje láti mọ ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá. Kò bi obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu òpópónà pé kànga wo ni omi rẹ̀ kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Kò sùn níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ta ibi tí kò mọ̀ fún ẹni tí kò sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣágámù tí à ń pè ní ìlú kan, ọ̀pọ̀ ìlú ló kó ara wọn jọ síbẹ̀ nítorí ogun ní 1872: Òfìn, Màkún àti àwọn yòókù. Títí dòní, àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ àwọn olóyè rẹ̀, ó sì mọ ẹbí tó ni ilẹ̀. Ilé bàbá àgbà ní Màkún, ilé ẹbí ni. Ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ wa sì ti ń sọ lórí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: tí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Tí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí gbọ́ sí i, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n fagi lé e. Àwọn obìnrin ilé náà wà lára àwọn tó ní ẹ̀tọ́ yìí. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, ní 1908, ni wọ́n ti gbà pé ọmọ tó dàgbà jù lè jẹ́ olórí ẹbí, ìbáà ṣe obìnrin. Alágbàtà mọ gbogbo èyí. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ló ṣe wá ọmọkùnrin kan ṣoṣo nínú ẹbí tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, tó sì bá a dòwò ilé náà ní bòńkẹ́lẹ́. Bàbá tó kọ́ ilé náà ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí inú yàrá ni wọ́n sin ín sí gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn àgbà wa. Alágbàtà lẹ́ táìlì lé sàréè rẹ̀ lórí. Nígbà tí àwọn ọmọ dé láti wá ṣe ìrántí, géètì irin tuntun ni wọ́n bá, pẹ̀lú àjèjì kan tí kò mọ orí ẹni tó ń tẹ̀. Ó ra ohun tí ẹni tó tà á kò ní, ó sì fi ìyá àgbà ilé náà, ẹni ọgọ́rin ọdún, sílẹ̀ kó máa lọ kó máa bọ̀ ní kóòtù.

Ẹ̀sùn kẹta, ti ìwé. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tó bọ́ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn ń gba owó, ó sì ń gba àkókò, àkókò sì ni èrè alágbàtà. Nítorí náà, rìsíìtì àti ẹ̀dà sọ́fè ló kó lé olùrà lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin lòdì sí àwọn àjagungbalẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni òfin ń gbè, olùrà yìí kò sì ní ohun tí yóò fi hàn pé òun ni onílẹ̀. Ilé olówó ńlá, lórí bébà tí kò lè dúró níwájú adájọ́.

Ti ẹ̀kẹrin kò gùn. Àwọn ayálégbé tó bá nínú ilé, nọ́ọ̀sì, tíṣà, aránṣọ, ó lé wọn jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún yẹ kó rí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà gbà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ogiri ló kù, ogiri amọ̀ sì ni. Ó rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun. Amọ̀ a máa mí, sìmẹ́ǹtì a sì pa á lẹ́nu dé. Omi tó ń ti ìpìlẹ̀ gòkè há sínú ogiri, ó ń rà á láti inú wá, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn méjì ó ń ṣí bí èèpo. Ojú ogiri ló tún ṣe, kò fọwọ́ kan ogiri.

Ẹ̀sùn karùn-ún ni kò jẹ́ kí n sùn. Ògìjó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, lẹ́bàá ààlà Èkó, lọ́nà Ìkòròdú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń yọ́ òjé níbẹ̀ láti inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Wọ́n ń fọ́ bátìrì, wọ́n ń da òjé rẹ̀ sínú iná ìléru, èéfín ń gòkè, eruku rẹ̀ ń bà sórí páànù, sórí ẹ̀fọ́, sórí ilẹ̀ tí ọmọdé ń jókòó ṣeré. Lọ́dún 2025, àwọn oníròyìn ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ènìyàn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ náà. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, nǹkan bí méje ni òjé ara wọn ti dé ìwọ̀n tó ń ṣe ènìyàn léṣe. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé ara lè gbà láìléwu. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, èyí tó bá sì bà jẹ́ kì í padà sípò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sọ fún yín pé òun kò mọ̀. Èéfín yẹn gan-an ló fi já iye ilé kan níbẹ̀ lulẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Ó wúkọ́ níwájú rẹ̀, ó tọ́ka sí páànù tó ti dúdú, ó ní ta ni yóò gbé irú ibí yìí. Nígbà tó wá kan òun láti tà, ọ̀sán tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ sápá ibòmíràn ló mú ọkọ, ìyàwó àti ọmọ wọn wá. Ó fi síìlì hàn wọ́n, ó fi ẹ̀rọ omi hàn wọ́n, ó fi àgbàlá hàn wọ́n, ó ní àyè wà fún ọmọ láti sáré. Kò ro ilẹ̀ àgbàlá náà kúrò, kò gbé e fún ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò. Páànù nìkan ló pààrọ̀, kó lè dán lójú.

Ó ń dán di òní. Tí òjò bá rọ̀, ohun tó bà sórí rẹ̀ a ṣàn gba ọ̀ṣọ̀rọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé, ìyá ọmọ a sì bu ú sínú ìkòkò.